Ẹṣin Ogun Tàbí Ẹṣin Oyè? Àyẹ̀wò Ìtàn Àwọn Ìdílé Ẹlẹ́ṣin Ìjẹ̀bú nínú Ọdún Ojúde Ọba

Ìfáárà

Ní ọjọ́ kẹta ọdún Iléyá, iwájú ààfin Awùjalẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde a máa kún fọ́fọ́ fún èrò. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, tọkùnrin tobìnrin, a máa tò wá kí ọba nínú aṣọ ẹgbẹ́jọdá. Àwọn ìdílé Balógun a sì máa gun ẹṣin wọlé, ìdílé kan tẹ̀ lé èkejì, pẹ̀lú ìlù, oríkì àti ìró ìbọn. Ìdílé Balógun Kúkù wà nínú wọn, bẹ́ẹ̀ ni ti Odùnúgà, ti Òtúbù, ti Aláùsá àti àwọn mìíràn. Ẹni tí ó bá ṣàgbà nínú ìdílé ni ó sábà máa ń wà níwájú lórí ẹṣin tí a ti fi aṣọ àti awọ aláràbarà ṣe lọ́ṣọ̀ọ́. Àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ a sì wà lẹ́yìn rẹ̀, àwọn kan lórí ẹṣin, àwọn mìíràn lórí ìrìn. Bí wọ́n bá dé iwájú ọba, wọn a kí i, wọn a sì yí ẹṣin wọn padà.

Bí a bá bi ẹnikẹ́ni nínú èrò náà léèrè ìdí tí ìdílé wọ̀nyí fi ń gun ẹṣin, ìdáhùn kan náà ni yóò wá: jagunjagun ni àwọn baba ńlá wọn, orí ẹṣin ni wọ́n sì wà nígbà tí wọ́n ń jagun. Ìdáhùn yìí ti wọ inú ìwé ìròyìn, ó ti wọ inú ọ̀rọ̀ ìkíni àwọn olóyè, ó sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ohun tí ẹnikẹ́ni kò yẹ̀ wò mọ́. Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ ṣe ni láti gbé ìdáhùn náà lé orí ìwọ̀n. Apá kìíní rẹ̀ kò ní àbùkù: jagunjagun ni Balógun, orúkọ oyè náà fúnra rẹ̀ sì fi bẹ́ẹ̀ hàn. Apá kejì ni ó ní ìṣòro. Bí a bá gbà láìwádìí pé ẹlẹ́ṣin ni ọmọ ogun Ìjẹ̀bú, a ó ti gba ògo tí í ṣe ti àwọn ará Ìjẹ̀bú gan-an lọ́wọ́ wọn, a ó sì fi ògo Ọ̀yọ́ wọ̀ wọ́n láṣọ.

Ẹṣin ní ilẹ̀ ọ̀dàn

Kì í ṣe ilẹ̀ Yorùbá ni orírun ẹṣin. Láti òkè ọya ni ó ti wá, nípasẹ̀ àwọn Hausa, Nupe àti Bàrìbá. Ìtàn Ọ̀yọ́ tí Samuel Johnson kọ sílẹ̀ sọ bí àwọn Nupe ṣe kó Ọ̀yọ́-Ilé nígbà ayé Oníggbogí, tí Aláàfin sì sá lọ sí ilẹ̀ Bàrìbá, àti bí àwọn ọba tí ó jẹ lẹ́yìn rẹ̀ ṣe tẹ̀dó sí Ìgbòho. Àwọn òpìtàn gbà pé ọ̀rúndún kẹrìndínlógún ni ìṣẹ̀lẹ̀ wọ̀nyí bọ́ sí. Ní Ìgbòho ni Ọ̀rọ́ḿpọ̀tọ̀ ti jọba. Òun sì ni Aláàfin àkọ́kọ́ tí ìtàn àtẹnudẹ́nu so orúkọ rẹ̀ mọ́ ẹgbẹ́ ọmọ ogun ẹlẹ́ṣin: ẹgbẹ̀rún kan ẹlẹ́ṣin àti ẹgbẹ̀rún kan ẹlẹ́sẹ̀ ni a ní ó máa ń dáàbò bo ẹ̀yìn ogun rẹ̀. Iye yìí lè jẹ́ àsọdùn, nítorí ẹgbẹ̀rún jẹ́ iye tí ó dùn ún pè lẹ́nu arọ́kin. Ṣùgbọ́n ohun tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ mọ́gbọ́n dání. Ìlú tí àwọn ẹlẹ́ṣin kó, tí ọba rẹ̀ sì ṣe àtìpó láàárín àwọn ẹlẹ́ṣin mìíràn, kò ní ṣàì kọ́ iṣẹ́ tí ó ṣẹ́gun rẹ̀. Robin Law, tí ó kọ̀wé lórí ọ̀rọ̀ yìí ní 1975 àti ní 1980, fara mọ́ èrò pé sáà Ìgbòho ni Ọ̀yọ́ di ìlú ẹlẹ́ṣin.

Láti ìgbà náà ni agbára Ọ̀yọ́ ti tàn dé etíkun. Ní 1698 ni àwọn ẹlẹ́ṣin kan láti òkè kọlu Allada, tí ìròyìn wọn sì ya àwọn oníṣòwò òyìnbó lẹ́nu. Ọ̀pọ̀ òpìtàn gbà pé Ọ̀yọ́ ni. Ní 1726 ni Ọ̀yọ́ kọlu Dahomey. Snelgrave, ọ̀gá ọkọ̀ òkun tí ó wà ní etíkun náà ní àkókò yẹn, sọ nínú ìwé rẹ̀ tí ó jáde ní 1734 pé ẹ̀rù ìró ìbọn máa ń ba àwọn ẹṣin Ọ̀yọ́. Ó yẹ kí ẹni tí ó bá ń wo Ojúde Ọba rántí gbólóhùn yìí, nítorí ọ̀rọ̀ ẹṣin àti ìbọn yóò tún padà wá.

Ẹṣin Ọ̀yọ́ ní òfin tirẹ̀, ojú ọjọ́ àti ilẹ̀ ni ó sì ṣe òfin náà. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n ń jagun, nítorí odò a máa kún ní ìgbà òjò, ilẹ̀ a sì máa yọ̀. Ilẹ̀ ọ̀dàn ni ẹṣin ti lè sáré. Nígbà tí Aláàfin Ọbalókun rán ogun lọ sí ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, inú igbó ni wọ́n ti ba dè wọ́n, wọ́n sì pa wọ́n ní ìpakúpa. Johnson ṣàlàyé pé ogun inú igbó kò mọ́ àwọn ará Ọ̀yọ́ lára. Ìtọ́jú ẹṣin náà kò sí lọ́wọ́ Ọ̀yọ́ nìkan. Àwọn ẹrú Hausa ni ó ń bọ́ ẹṣin, tí ó ń wẹ̀ ẹ́, tí ó sì mọ egbòogi rẹ̀. Nígbà tí Àfọ̀njá ní Ìlọrin pe irú àwọn ẹrú bẹ́ẹ̀ kí wọ́n wá sọ́dọ̀ òun, ní nǹkan bí 1817, tí ọ̀pọ̀ wọn sì sá kúrò lọ́dọ̀ olówó wọn, kì í ṣe ọmọ ogun nìkan ni Ọ̀yọ́ pàdánù. Ó pàdánù àwọn tí ó mọ ẹṣin í tọ́jú. Nígbà tí Clapperton dé Ọ̀yọ́-Ilé ní 1826, ìjọba náà ti ń mì.

Igbó, eṣinṣin àti ìbọn

Ìjẹ̀bú kò sí ní ilẹ̀ ọ̀dàn. Láàárín igbó ni ó wà, kò sì jìnnà sí ọ̀sà. Eṣinṣin tsetse tí ń gbé àrùn kiri nínú ẹ̀jẹ̀ ẹran pọ̀ nínú irú igbó bẹ́ẹ̀, ẹṣin sì wà lára àwọn ẹran tí àrùn náà ń tètè pa. Àwọn baba ńlá kò mọ orúkọ kòkòrò tí ń ṣe é, nítorí ní ìgbẹ̀yìn ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni David Bruce ṣàwárí rẹ̀ ní gúúsù Áfíríkà. Ṣùgbọ́n wọ́n mọ̀ pé ẹṣin tí a bá mú wọ igbó kì í pẹ́ kú. Ẹni tí ó bá ní ẹṣin ní Ìjẹ̀bú ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún ní láti rà á láti òkè, kí ó máa bọ́ ọ nínú ilé bí àlejò, kí ó sì múra láti ra òmíràn láìpẹ́. Ìlú tí ó wà ní irú ipò yìí kò lè kó ẹgbẹ́ ẹlẹ́ṣin jọ fún ogun.

Kò sì wulẹ̀ nílò rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, nígbà tí Ìjẹ̀bú àti Ifẹ̀ para pọ̀ kọjú ìjà sí Òwu, ohun tí ó ya Òwu lẹ́nu kì í ṣe ẹṣin Ìjẹ̀bú. Ìbọn ni. Johnson jẹ́rìí sí i pé àwọn ará Òwu tí wọ́n gbójú lé àgẹ̀dẹ̀ǹgbẹ̀, idà ìjà ojúkojú, kò tí ì bá irú ohun ìjà bẹ́ẹ̀ pàdé rí, àti pé ìṣòwò etíkun ni ó fi ìbọn àti ẹ̀tù lé Ìjẹ̀bú lọ́wọ́ ṣáájú àwọn ará òkè. Èyí ni ògo tí ó jẹ́ ti Ìjẹ̀bú ní tòótọ́. Wọ́n mọ ọ̀nà ọjà, wọ́n dí ọ̀nà ọjà nígbà tí ó bá wù wọ́n, ohun tí wọ́n sì rí níbẹ̀ ni wọ́n fi jagun. Ọmọ ogun ẹlẹ́sẹ̀ tí ó mọ ojú igbó, tí ó ní ìbọn lọ́wọ́, tí ó sì mọ ibi tí a ti ń ba ni, kò ní ìdí láti ṣe ìlara ẹlẹ́ṣin.

Ogun Òṣogbo, ní nǹkan bí 1840, fi èyí hàn fún gbogbo ilẹ̀ Yorùbá. Ìlọrin, tí ó jogún ẹṣin Ọ̀yọ́, ni ó dó ti Òṣogbo. Ìbàdàn ni ó wá gba Òṣogbo sílẹ̀. Igbó ti bẹ̀rẹ̀ ní agbègbè náà. Òru ni Ìbàdàn kọlu ibùdó Ìlọrin, wọ́n sì tú u ká. Láti ìgbà yẹn ni ìrìn ẹlẹ́ṣin Ìlọrin sí ìhà gúúsù ti dúró. Àwọn ogun tí ó tẹ̀ lé e, láti Ìjàyè ní 1860 títí dé Kírìjì tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1877, ogun ìbọn ni wọ́n. Bí J. F. Ade Ajayi àti Robert Smith ṣe ṣàlàyé rẹ̀ nínú ìwé wọn lórí ogun Yorùbá, tí ó jáde ní 1964, bí ìbọn ṣe ń gbilẹ̀ ni ọ̀nà ìjà ń yí padà. Nígbà tí Balógun Ọnàfowókàn kó ogun Ìjẹ̀bú dó sí Òrù láti dojú kọ Ìbàdàn ní àwọn ọdún 1880, oníbọn ni ó kó lọ.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ó rí ní oṣù karùn-ún ọdún 1892, nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì kọlu Ìjẹ̀bú. Ìjà tí ó gbóná jù nínú ogun náà ni ti odò Yemoji àti ti Ìmágbọ̀n. Inú igbó àti etí odò ni àwọn Ìjẹ̀bú ti ń yìnbọn, ìbọn Maxim sì ni ó borí wọn. Ẹni tí ó bá ń fojú inú wo ogun yẹn gẹ́gẹ́ bí eré ẹṣin ń fi ojú Ojúde Ọba wo Ìmágbọ̀n. Ó sì ń sọ àwọn tí ó kú ní etí odò náà di ohun tí wọn kì í ṣe.

Ẹṣin di oyè

Ṣé pé kò sí ẹṣin ní Ìjẹ̀bú rárá nígbà náà? Kò rí bẹ́ẹ̀. Àṣìṣe kejì ni yóò jẹ́ bí a bá sọ bẹ́ẹ̀. Ẹṣin wà, ṣùgbọ́n ẹṣin oyè ni. Níwọ̀n ìgbà tí ó jẹ́ pé ẹran tí ó wọ́n, tí ó ń jẹun púpọ̀, tí ó sì ń tètè kú ni, ẹni tí ó bá lè gùn ún ní ilẹ̀ igbó ti fi hàn pé òun kì í ṣe ẹgbẹ́ àwọn tí ń fẹsẹ̀ rìn. Olórí ogun tí ó gun ẹṣin jáde kò gùn ún kí ó lè fi sáré bá ọ̀tá. Ó gùn ún kí àwọn ọmọ ogun rẹ̀ lè máa wò ó, kí wọ́n sì mọ ẹni tí wọ́n ń tẹ̀ lé. Bóyá ìdí nìyí tí ẹ̀rí ẹṣin fi pọ̀ nínú èdè àti iṣẹ́ ọnà àwọn tí ẹṣin kò fi bẹ́ẹ̀ sí láàárín wọn.

Èdè ni kí a kọ́kọ́ wò. Gbogbo Yorùbá ni ó ń pa á lówe pé òwe lẹṣin ọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ lẹṣin òwe, bí ọ̀rọ̀ bá sọnù, òwe la fi ń wá a. Òwe yìí kò ní ìtumọ̀ fún ẹni tí kò mọ̀ pé ẹṣin a máa gbé ni dé ibi tí ẹsẹ̀ kò lè tètè dé. Síbẹ̀ ọmọ Ìjẹ̀bú tàbí ọmọ Oǹdó tí kò fọwọ́ kan ẹṣin rí ń pa á, ó sì yé e. Ẹṣin iwájú ni ti ẹ̀yìn ń wò sáré náà ń bẹ. Bí òrìṣà bá sì wọ inú ẹ̀dá, a ní ó gùn ún. Elégùn ni orúkọ ẹni bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọ Yorùbá tí a kó lẹ́rú lọ sí Kúbà kò gbàgbé rẹ̀: ẹṣin ni wọ́n ń pe ẹni tí òrìṣà gùn, ní èdè Sípéènì tí wọ́n ń sọ níbẹ̀.

Nínú iṣẹ́ ọnà, àwọn agbẹ́gilére Èkìtì àti agbègbè Ọ̀sì, bí Àrẹógun tí ó kú ní 1954, a máa gbẹ́ jagunjagun lórí ẹṣin sí orí Ẹpa. Agere Ifá tí ó ní ẹlẹ́ṣin lábẹ́ kò lóǹkà. Ẹni tí ó bá wo àwọn ère yìí dáradára yóò rí i pé ẹlẹ́ṣin tóbi ju ẹṣin lọ. Ẹsẹ̀ ẹṣin kúrú, ara rẹ̀ sì kéré, àfi bí ẹni pé àga ni. Àwọn kan ti sọ pé àìmọ̀ ẹṣin dunjú ni ó fà á. Ìyẹn kò tọ̀nà, nítorí agbẹ́gilére tí ó lè fi ọnà ilà ojú àti irun dídì hàn kínníkínní lè gbẹ́ ẹsẹ̀ ẹṣin bí ó bá fẹ́. Ẹni tí ó wà lókè ni iṣẹ́ náà dá lé lórí. Ìrùkẹ̀rẹ̀ tún jẹ́ ẹ̀rí mìíràn: bí ẹṣin kò bá tilẹ̀ lè gbé ní igbó, ìrù rẹ̀ lè gbé níbẹ̀ lọ́wọ́ ọba.

Ní Ọ̀yọ́ pàápàá, níbi tí ẹṣin ti jẹ́ ti ogun ní tòótọ́, ẹṣin di oyè nígbẹ̀yìn. Oyè Ọlọ́kùn-ẹṣin, tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ ẹni tí ó di okùn ẹṣin ọba mú, wà nínú àwọn oyè tí olúwa rẹ̀ ní láti bá Aláàfin kú. Nígbà tí Aláàfin Síyànbọ́lá Ládìgbòlù wàjà ní 1944, ọ̀rọ̀ Ọlọ́kùn-ẹṣin rẹ̀ ni ó dá ìjà sílẹ̀ láàárín àṣà àti ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, tí Dúró Ládipọ̀ àti Wọlé Ṣóyínká sì fi ṣe eré oníṣe. Àwọn ẹlẹ́ṣin Ọ̀yọ́ ti dáwọ́ ogun dúró tipẹ́ kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀. Oyè ni ó ṣẹ́ kù.

Ìdásílẹ̀ Ojúde Ọba

Ẹnu kò kò lórí ìbẹ̀rẹ̀ Ojúde Ọba. Àwọn kan ní àwọn Mùsùlùmí àkọ́kọ́ ní Ìjẹ̀bú-Òde ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ìgbẹ̀yìn ọ̀rúndún kọkàndínlógún, láti dúpẹ́ lọ́wọ́ Awùjalẹ̀ tí ó gbà wọ́n láàyè láti máa sin Ọlọ́run ní ọ̀nà tiwọn. Wọn a pé jọ lẹ́yìn Iléyá, wọn a lọ kí ọba, wọn a sì gbàdúrà fún un. Ìtàn kejì fi Balógun Kúkù ṣe olùdásílẹ̀. Ó ní ọlọ́rọ̀ àti olókìkí ènìyàn ni Kúkù, tí ó ti máa ń fi ọdún ìbílẹ̀ kan tí a ń pè ní Odeda fi ọlá àti ọ̀pọ̀ ènìyàn rẹ̀ hàn. Nígbà tí ó gba ẹ̀sìn Ìsìláàmù, kò lè ṣe Odeda mọ́. Ó sì dá Ìta-Ọba sílẹ̀ láti rọ́pò rẹ̀. Ìta-Ọba yìí ni ó wá di Ojúde Ọba.

Kò pọn dandan kí ìtàn méjèèjì ta ko ara wọn. Ó ṣeé ṣe kí ìkíni àwọn Mùsùlùmí ti wà, kí Kúkù sì ti sọ ọ́ di ńlá. Ohun tí ó ṣe pàtàkì ni àkókò tí èyí ń ṣẹlẹ̀. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú. Oyè Balógun kò ní ogun mọ́. Ọkùnrin tí a fi jẹ oyè ogun ní ìlú tí a kò gbà láàyè láti jagun mọ́ ní láti wá ọ̀nà mìíràn tí ìlú yóò fi mọ ẹni tí ó jẹ́. Ẹ̀sìn tuntun tí ó gbà sì wá láti ilẹ̀ tí ẹlẹ́ṣin pọ̀ sí. Ní Ìlọrin àti ní àwọn ìlú Hausa, gígun ẹṣin lọ kí ọba lẹ́yìn àdúrà ọdún ti jẹ́ àṣà tí gbogbo ènìyàn mọ̀. Ọ̀nà ìṣòwò tí ó so Ìjẹ̀bú mọ́ òkè ni ẹṣin àti alùfáà jọ ń gbà wá. Ohun tí ẹ̀rí wọ̀nyí ń tọ́ka sí ni pé ẹṣin Ojúde Ọba kò ti ojú ogun wá. Oyè Balógun ni ó ti ojú ogun wá, ìkíni orí ẹṣin ti òkè wá, ibi tí àwọn méjèèjì sì ti pàdé ni iwájú ààfin, nígbà tí ogun ti parí.

Àwọn kan lè rò pé irú àlàyé yìí ń sọ ọdún náà di yẹpẹrẹ, pàápàá láti ìgbà tí ìwé tí Hobsbawm àti Ranger ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1983 ti jẹ́ kí ó di àṣà láàárín àwọn onímọ̀ láti máa tú fìlà àtọwọ́dá kúrò lórí gbogbo ohun tí a bá ń pè ní ìṣẹ̀ǹbáyé. Ìyàtọ̀ wà. Bí a bá fi Ojúde Ọba wé àpéjọ ẹlẹ́ṣin tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń pè jọ ní òkè ọya, bí èyí tí wọ́n ṣe fún ọmọ ọba Gẹ̀ẹ́sì ní Kano ní 1925, tàbí èyí tí wọ́n ṣe fún Ọbabìnrin Elizabeth ní Kaduna ní 1956, ìyàtọ̀ náà yóò hàn. Àwọn aláṣẹ àjèjì ni ó ń pe ti Kaduna jọ, kí àwọn ọba ìlú lè wá tẹríba fún wọn. Ní Ìjẹ̀bú-Òde, kò sí gómìnà òyìnbó kankan tí ó pàṣẹ pé kí Kúkù gun ẹṣin. Ọba tirẹ̀ ni ó lọ kí. Ohun tí ìran kan tí ogun ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ dá sílẹ̀ fúnra rẹ̀ kò yẹ ní ohun tí a ó máa tijú ẹ̀.

Iṣẹ́ àti àníyàn àwọn ẹlẹ́ṣin

Nígbà ayé Awùjalẹ̀ Síkírù Káyọ̀dé Adétọ̀nà, tí ó gorí ìtẹ́ ní 1960 tí ó sì wàjà ní 2025, ọdún náà gbòòrò kọjá ti Mùsùlùmí. Ọba náà ni ó sọ rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ jí, kí àwọn ọjọ́-orí kan náà lè máa jọ ṣe iṣẹ́ ìlú, àwọn onígbàgbọ́ àti ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá wọn jáde. Èyí sọ ìdílé ẹlẹ́ṣin di ohun tí ó jọ ẹgbẹ́. Ọ̀pọ̀ ọmọ ìdílé ń gbé ní Èkó, ní Ìbàdàn, àwọn mìíràn ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọdún náà ni ó ń kó wọn wá sílé. Kí ọjọ́ náà tó kò, wọ́n ti ní láti dá owó jọ, kí wọ́n yan aṣọ, kí wọ́n wá onílù, kí wọ́n sì fi ẹnu kò lórí ẹni tí yóò gun ẹṣin àti ẹni tí yóò rìn. Èyí tí ó gbẹ̀yìn yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Ẹni tí ó bá gun ẹṣin ni ojú ń rí, ipò tí ó bá sì wà lórí ẹṣin ń sọ ipò rẹ̀ nínú ìdílé. Ní àìpẹ́ yìí, àwọn ọmọbìnrin ìdílé náà ń gun ẹṣin, àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ pàápàá. Bí a bá gbà pé ẹṣin ogun ni, èyí yóò dà bí àfikún tí kò bá ìtàn mu. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ẹṣin oyè ni, ọmọ ni ọmọ ń jẹ́, ẹ̀tọ́ ìdílé kò sì mọ akọ tàbí abo.

Ẹ̀bùn ni ó tún dá kún ọ̀rọ̀ náà. Láti ìgbà tí a ti ń fi ẹ̀bùn fún ìdílé tí ó bá ṣe dáradára jù, ìdíje ti wọ inú ohun tí ó jẹ́ ìkíni tẹ́lẹ̀. Èyí mú kí ìmúra sunwọ̀n, ó sì mú kí owó gun òkè. Àwọn àgbà kan gbà pé bí ó ti ń wuyì tó ni ó ń ṣòro fún ìdílé tí kò lówó láti dúró nínú ìlà.

Níti ẹṣin fúnra rẹ̀, ìṣòro tí ó wà ní ayé Kúkù kò tí ì lọ. Òkè ni a ti ń mú ẹṣin wá síbẹ̀. Àwọn kan rà á, àwọn kan yá a fún ọjọ́ mélòó kan. Ẹni tí ó rà á ní láti wá ọkà bàbà, èèrí àti koríko fún un yípo ọdún, kí ó sì máa wá oníṣègùn ẹran. Ẹni tí ó yá a yóò gun ẹṣin tí kò mọ̀ ọ́n. Ìjánu tí a ń lò láti ìgbà pípẹ́ ní òkè ọya le púpọ̀ lẹ́nu ẹṣin. Bí ẹni tí kò mọ ọwọ́ rẹ̀ bá fà á tagbára-tagbára, ẹnu ẹṣin a máa bẹ́jẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ìdílé, níwọ̀n ìgbà tí wọn kò gbé pẹ̀lú ẹṣin, jẹ́ ẹni tí ó ń kọ́ ẹṣin gígùn ní ìwọ̀n ọjọ́ díẹ̀ ṣáájú ọdún. Èrò sì pọ̀, oòrùn mú, ìlù ń dún létí ẹṣin.

Lẹ́yìn náà ni ìbọn. Ìró ìbọn ṣakabùlà ni ìdílé Balógun fi ń kéde pé àwọn ti dé, kò sì sí ẹni tí yóò gbà kí a mú un kúrò, nítorí òun gan-an ni ohun tí ó wá láti ojú ogun Ìjẹ̀bú ní tààrà. Ìbọn ni Ìjẹ̀bú fi ya Òwu lẹ́nu, ìbọn ni wọ́n gbé lọ sí Òrù, ìbọn ni ó sì wà lọ́wọ́ wọn ní Ìmágbọ̀n. Ẹṣin tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni àlejò. Ohun tí Snelgrave kọ nípa ẹṣin Ọ̀yọ́ ní 1734 ṣì ń rí bẹ́ẹ̀ ní iwájú ààfin Awùjalẹ̀: bí ìbọn bá dún, ẹṣin a fò sókè, ẹni tí ó wà lórí rẹ̀ a sì rọ̀ mọ́ gàárì. Èrò a pariwo ìyìn. Ní irú ìṣẹ́jú bẹ́ẹ̀, ẹni tí ó ń dá ẹṣin dúró kì í sábà jẹ́ ọmọ Balógun tí ó gùn ún. Ọmọ òkè tí ó bá ẹṣin wá ni, tí ó dúró ní ilẹ̀, tí ó di okùn mú, tí ó ń fi ohùn pẹ̀lẹ́ bá ẹṣin sọ̀rọ̀ ní èdè Hausa, gẹ́gẹ́ bí àwọn ẹrú Hausa ti ń ṣe ní Ọ̀yọ́ kí Àfọ̀njá tó pè wọ́n. Orúkọ ìdílé ni a ń kéde nígbà tí ẹṣin bá wọlé. Orúkọ tirẹ̀ kò sí nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò tí ì wọ inú ìwé ìtàn ọdún náà.